Mìlímítà Mẹ́sàn-án ní Ilé Ìwọ̀n

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ọ̀wàrà, ọdún kọkànlélógún lẹ́yìn tí òkun gba àwọn ìlú etíkun, nígbà tí ẹ̀rọ Awonú tí ó wà ní Ilé Ìwọ̀n ìlú Òkè-Ìpèsè sọ fún Fadérera pé ohun tí ó wà ní inú rẹ̀ kúrú.

Ẹ̀rọ náà kò gbé ohùn sókè. Ohùn obìnrin ni wọ́n fi sí i, ohùn tí ó tutù, tí ó sì ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí olùkọ́ ń pe é fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ sílẹ̀.

“Ìwọ̀n láti orí dé ìdí, mìlímítà mẹ́sàn-án. Ìwọ̀n tí ó yẹ oyún ọgọ́ta ọjọ́, mìlímítà ogún. Ọkàn ń lù, ṣùgbọ́n ìlù rẹ̀ kò yá tó. Oyún yìí kò bá ọjọ́ rẹ̀ mu. A ti pa ìpín rẹ dé.”

Ẹ̀gbà ìpín aláboyún tí ó wà ní ọrùn ọwọ́ Fadérera, tí ó ti ní àwọ̀ ewé láti ọjà tí ó kọjá, di àwọ̀ eérú. Ihò kan ṣí lára ògiri, ife funfun kékeré kan sì yọ jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Omi ìparí, oògùn tí ń mú oyún wálẹ̀, ni wọ́n ń pe ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mu ún kí iná ọjà tó kú ní ìrọ̀lẹ́, wọn yóò gé omi ilé rẹ̀, àti ti ọkọ rẹ̀, àti ti gbogbo ẹni tí ó bá ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà.

Fadérera kò wo ife náà. Ojú rẹ̀ wà lára gíláàsì ẹ̀rọ náà, níbi tí àpò dúdú kan wà tí ó dà bí hóró ẹ̀wà tí a la sí méjì. Ohun kékeré kan tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àpò náà, ní àárín rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan ń ṣẹ́jú. Ó ń ṣẹ́jú, ó sì tún ń ṣẹ́jú, bí ẹni pé kò gbọ́ ìdájọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá fún un.

“Fadérera,” ni Akínlàbí ọkọ rẹ̀ wí. Ó ti dìde láti orí àpótí tí wọ́n fi í sí ní igun yàrá. “Ṣé ó ti parí?”

“Ó ń lù, Akin. Wá wò ó.”

“Mo gbọ́ ohun tí ó sọ.”

“Èmi náà gbọ́ ọ. Mo ní kí o wá wò ó.”

Akínlàbí kò wá. Ó ti wo irú rẹ̀ rí ní ọdún méjì sẹ́yìn, nínú yàrá yìí kan náà, nígbà tí ohùn kan náà sọ pé oyún kò bá ọjọ́ rẹ̀ mu. Nígbà náà, Fadérera mu omi ìparí kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó padà sílé, ó dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì padà sí ẹnu iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹrin. Kò sí ará ilé kan tí ó béèrè ohunkóhun, nítorí pé ní Òkè-Ìpèsè, bí ó ti rí láti ìgbà àwọn ìyá ìyá wọn, oyún tí kò tíì yọ kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu pè. Ohun tí a kò fi ẹnu pè kò ṣeé sunkún lé lórí ní gbangba.

Láti ọjà mẹ́ta sẹ́yìn ni ìpayà ti sọ Fadérera di ọlọ́pàá ara rẹ̀. Nígbàkígbà tí ó bá lọ sí ilé ìtọ̀, aṣọ rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ti kán sí i. Ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ọmú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń dùn ún. Bí èébì bá gbé e, á bínú. Bí èébì bá sì fi í sílẹ̀ ní òwúrọ̀ kan, á jókòó sí etí ibùsùn, ọkàn rẹ̀ á máa já. Níkẹyìn ni ó ṣe òfin fún ara rẹ̀: ní ìgbà tí ó bá ń họ atalẹ̀ tí ó ń jẹ ní àárọ̀ nìkan ni yóò máa ro ọ̀rọ̀ náà. Tí atalẹ̀ bá ti dé ẹnu, ó di ẹnu iṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni wíwọn ilẹ̀ fún àwọn ojú ọ̀nà omi tí ìlú ń gbẹ́ wá láti orí òkè, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ó fi aṣọ nu òróró tútù tí ẹ̀rọ fi pa á ní ikùn. Ó wọ bàtà rẹ̀.

“Gbé ife yẹn bá mi dání,” ni ó sọ fún ọkọ rẹ̀. “Má ṣí i.”

“Ìwọ náà mọ òfin, Fadérera. Bàbá mi wà ní ilé. Omi tiwọn náà ni wọn óò gé.”

“Mo mọ òfin. Òfin náà sọ pé ẹni tí a bá pa ìpín rẹ̀ dé lè bi alábòójútó ní ìbéèrè kan. Mo fẹ́ bi í ní tèmi.”

“Kí ni o fẹ́ bi í?”

“N kò tíì mọ̀.”

Gbọ̀ngàn tí àwọn obìnrin ti ń dúró kún dẹ́nu. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, oníkálukú fi apá aṣọ bo ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀. Fadérera jókòó ti ìyá àgbà kan tí ó wé gèlè dúdú. Ọmọbìnrin tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìyá náà dorí kodò sínú abọ́ ike kan.

“Ẹ káàárọ̀, mà.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Kí ni ó gbé ọ wá sí ibí?”

“Eyín ni, mà,” ni Fadérera dáhùn, nítorí pé bí wọ́n ti ń dáhùn níbẹ̀ nìyẹn.

Ìyá náà wo ẹnu rẹ̀. Ó sì wo ìsàlẹ̀. “Eyín ọ̀hún mà sọ̀ kalẹ̀ o.”

Àwọn tí ó wà ní bẹ́ǹṣì iwájú rọra rẹ́rìn-ín sí aṣọ wọn.

“Ẹ̀yin ńkọ́, mà?”

“Ẹsẹ̀ ni ó ń dun ọmọ mi yìí. Àdùfẹ́ ni orúkọ rẹ̀.”

“Ṣé ẹsẹ̀ náà ni ó ń mú un bì báyìí?”

“Ẹsẹ̀ burúkú ni, ìyàwó. Kò jẹ́ kí ó rí ẹyin sójú.”

Àdùfẹ́ gbé orí sókè. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lẹ́rìn-ín. Á tún gbé mi.”

“Kí n má rẹ́rìn-ín, kí n wá ṣe kí ni? Òní gan-an ni bàbá rẹ pé ogójì ọjọ́. Ìdájí ni a ṣe àdúrà rẹ̀ tán tí mo sì mú ọ wá sí ibí.” Ó yíjú sí Fadérera, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọjọ́ tí a sin ín gan-an ni ọmọ yìí rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. Mo rántí nítorí pé èmi ni mo wá aṣọ fún un láàárín èrò. Ọjọ́ ọjà ni. Ọjà mẹ́wàá ti ná láti ìgbà náà.”

“Ẹ ní ọjà mélòó, mà?”

“Mẹ́wàá.”

“Òní sì pé ogójì ọjọ́.”

“Gbáko ni. Àwọn àlùfáà kì í ṣì í kà.”

Ẹ̀rọ pe Àdùfẹ́ wọlé, ó sì gbé abọ́ rẹ̀ dání lọ. Fadérera kò rí i nígbà tí ó ń kọjá. Ó ń wo ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó ti máa ń wo ilẹ̀ ní ẹnu iṣẹ́, ó sì ń ri èèkàn sí i nínú ọkàn rẹ̀.

Ní Òkè-Ìpèsè, kò sí ẹni tí ó ń fi ọjọ́ oṣù ṣe ohunkóhun bí kì í bá ṣe àwọn akọ̀wé Ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣe àkóso ìlú. Ọjọ́ ọjà ni iná ń wọ ìlú. Ọjọ́ ọjà ni omi ń gun òkè. Ọjọ́ ọjà ni wọ́n fi ń ka ìgbà. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó gbé Awonú wá fi kọ́ ọ láti béèrè ìbéèrè rẹ̀ báyìí: “Ọjà mélòó ni ó ti ná láti ìgbà tí o rí nǹkan oṣù rẹ kẹ́yìn?” Fadérera ti dáhùn pé méjìlá, ẹ̀rọ náà sì ti sọ pé ọgọ́ta ọjọ́. Òun náà kò jiyàn, nítorí pé ọlọ́rọọrún ni gbogbo ènìyàn ń pe ọjà náà.

Ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń kà á ni pé òní tí a ná ọjà ni ọjọ́ kìn-ín-ní, ọjọ́ tí a óò tún ná an ni ìkarùn-ún. Wọ́n ń ka ọjọ́ ọjà mọ́ ọn ní òpin méjèèjì. Láàárín èèkàn kan àti èkejì, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni oòrùn ń yọ. Ọjà mẹ́wàá jẹ́ ogójì ọjọ́, gẹ́gẹ́ bí ìyá Àdùfẹ́ ti fi òkú ọkọ rẹ̀ kà á. Ọjà méjìlá kì í ṣe ọgọ́ta. Méjìdínláàádọ́ta ni.

Iṣẹ́ tí ó fi ń jẹun nìyí, kí ó mọ èèkàn yàtọ̀ sí àlàfo tí ó wà láàárín èèkàn. Ó ti bá àwọn ọmọ iṣẹ́ wí lórí irú àṣìṣe yìí ní àìmọye ìgbà. Ó sì dùbúlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, kò rí i.

“Akin,” ni ó wí, “dìde. Mo ti mọ ìbéèrè mi.”

Ìyáàfin Ọláìtán, alábòójútó Ilé Ìwọ̀n, ti ṣe nọ́ọ̀sì kí òkun tó dé. Irun rẹ̀ ti funfun, ó sì ń jókòó bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tí kò sì fẹ́ kí ènìyàn mọ̀.

“Jókòó, ọmọ mi. Ìbéèrè kan ni.”

“Ẹ ṣeun, mà. Báwo ni ẹ̀rọ yín ṣe ń sọ ọjà di ọjọ́?”

Obìnrin náà gbójú sókè. Ó wo Akínlàbí, ó wo ife tí ó gbé dání, ó sì tún wo Fadérera.

“Ìyẹn kọ́ ni wọ́n máa ń bi mí.”

“Kí ni wọ́n máa ń bi yín?”

“Bóyá ohun tí àwọn jẹ ni ó fà á. Bóyá ẹrù tí àwọn gbé ni, tàbí ìjà tí àwọn bá ọkọ wọn jà. Mo máa ń sọ fún wọn pé rárá. Òtítọ́ sì ni. Oyún kì í wálẹ̀ nítorí pé obìnrin gbé garawa omi tàbí nítorí pé ó bínú.”

“Ó ń fi márùn-ún-márùn-ún kà á, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, mà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Oòrùn ẹ̀ẹ̀melòó ni ó yọ láti ọjà tí ó kọjá sí ti òní?”

“Mo mọ iye rẹ̀,” ni Ìyáàfin Ọláìtán wí. “Láti ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo lọ bá Ìgbìmọ̀, mo sì sọ fún wọn. Wọ́n ní bí a bá yí i padà lónìí, gbogbo ẹni tí ó ti mu omi ìparí yóò fẹ́ mọ̀ bóyá tirẹ̀ wà nínú àṣìṣe náà. Wọ́n ní kí n dúró di ìgbà tí ẹ̀rọ tuntun bá dé. N kò mọ ìgbà tí yóò dé.”

Akínlàbí gbé ife náà sórí tábìlì.

“Ní ayé ìgbà tí a ṣì ń pè é ní sikáànù,” ni Ìyáàfin Ọláìtán ń bá ọ̀rọ̀ lọ, bí ẹni tí ó ti ń wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún, “bí a bá wọn ọmọ tí ó kúrú, tàbí tí a rí àpò tí a kò rí ọkàn nínú rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń rò ni pé ọjọ́ tí obìnrin náà sọ lè má pé. A óò ní kí ó lọ sílé, kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí nǹkan bá ti dàgbà, a ó mọ̀ pé ọjọ́ ni a ṣì kà. Bí kò bá sì dàgbà, a ó jókòó tì í. Ọ̀sẹ̀ méjì náà máa ń le. Àwọn mìíràn kì í lè jẹun nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn fi lè mọ̀.”

“Tèmi ńkọ́?”

“Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ méjìdínláàádọ́ta, mìlímítà mẹ́sàn-án bá a mu. Ìlù ọkàn náà bá a mu. N kò lè búra fún ọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá búra fún ọ ní ìgbà yìí, irọ́ ni ó ń pa.”

“Èyí tí mo mu ní ọdún méjì sẹ́yìn ńkọ́, mà?”

“Ọjà mélòó ni o sọ nígbà náà?”

“Mọ́kànlá.”

Ìyáàfin Ọláìtán fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì tún sọ ọ́ kalẹ̀. “Ó lè jẹ́ pé kì bá dúró. Ó sì lè jẹ́ pé ì bá dúró. N kò mọ̀, ọmọ mi. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n mọ́.”

Fadérera kò sunkún. Ohun kan ń gbóná bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó gbóná.

Alábòójútó fa pátákó ìtẹ̀wé rẹ̀ sọ́dọ̀. “Mo ní àṣẹ láti fi ọwọ́ ara mi kọ ọjọ́ sí i fún ẹnì kan, bí mo bá rí ìdí. Mo ń kọ ọ́ báyìí: méjìdínláàádọ́ta. Padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí a tún wò ó.” Ó tẹ ohun kan, ẹ̀gbà ọwọ́ Fadérera sì padà di àwọ̀ ewé. “Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbà.”

“Kí ni, mà?”

“Ìdákẹ́. Bí o bá sọ ọ́ ní gbọ̀ngàn yẹn, Ìgbìmọ̀ yóò mọ ibi tí ó ti wá. Wọn yóò gba àṣẹ yìí lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbà rẹ yóò di eérú, n kò sì ní lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́.”

“Àwọn mélòó ni ẹ ti ràn lọ́wọ́ láti ẹ̀ẹ̀rùn?”

“Ìwọ ni ìkẹta.”

“Ní gbogbo ọjọ́ ọjà tí ó ti kọjá?”

Ìyáàfin Ọláìtán ti ife náà sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì.

“Ẹ ṣeun, mà,” ni Akínlàbí wí kíákíá. Ó ti dọ̀bálẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ tó lè tún la ẹnu. “Ẹ ṣeun púpọ̀. A dúpẹ́.”

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. “Ilé ni a ń lọ tààrà. Fadérera, o gbọ́? Ó ti fún wa ní ohun tí a wá gbà.”

“Mo gbọ́.”

“N kò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe dára. Ìwọ ni mo ń sọ. O kò sùn dáadáa láti ọjà mẹ́ta. Jẹ́ kí a rí i pé èyí dúró ná. Bí ó bá dúró, kí o wá sọ ohun tí ó bá wù ọ́.”

“Tí ó bá dúró, a ó tún ní ohun tí a kò fẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ wa. Ìgbà wo ni mo máa wá sọ ọ́?”

“Mo bẹ̀ ọ́.”

Fadérera wò ó. Ọkùnrin tí ó ń fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn láìsọ̀rọ̀ nìyí, tí ó ń sá a sí ẹ̀yìn ilé kí ìyá rẹ̀ má baà rí i. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi.

“Akin, ká ní ẹnì kan wà ní gbọ̀ngàn yìí nígbà náà,” ni ó wí, “tí ó mọ̀, tí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sì ní àwọ̀ ewé, tí ó wá rọra gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sí ilé rẹ̀.”

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, Akínlàbí tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Àdùfẹ́ ti jáde. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú, ife funfun sì wà lórí itan rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

“Ó ní àpò wà, ṣùgbọ́n òun kò rí ọkàn nínú rẹ̀,” ni ó sọ fún Fadérera. “Ó ní àádọ́ta ọjọ́ ti tó kí ọkàn hàn. Ó ní kí ó mu ún.” Ó ń ṣí ìdérí ife náà fún ọmọ rẹ̀, nítorí pé ìka ọmọ náà kò lágbára. Àádọ́ta ti wọ etí obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ogójì ọkọ rẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ yìí kan náà, ẹ̀rù ẹ̀rọ náà kò sì jẹ́ kí ó gbọ́ ọ.

Ilẹ̀kùn alábòójútó ṣí lẹ́yìn wọn. Ìyáàfin Ọláìtán dúró níbẹ̀, pátákó ìtẹ̀wé rẹ̀ wà lápá. Ó kàn ń wo Fadérera.

Fadérera rìn dé àárín gbọ̀ngàn. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kí gbogbo wọn lè rí ẹ̀gbà náà. Ó wá gbé ohùn rẹ̀ jáde ní kedere, ó sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ jáde rí láàárín ògiri mẹ́rin yìí.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí mi. Fadérera ni orúkọ mi. Mo lóyún. N kò mọ̀ bóyá yóò dúró. Mo ti ní òmíràn ṣáájú rẹ̀, mo sì mu omi ìparí lé e lórí níbí, nítorí pé ẹ̀rọ náà sọ pé ó kúrú. Ẹ̀rọ náà kò mọ ọjà kà. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọjà wa fi ń yí, márùn-ún ni ó ń kà. Ẹ bá mi fi ìka kà á.”

Obìnrin kan ní bẹ́ǹṣì iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka, ètè rẹ̀ ń mì. Èkejì tẹ̀lé e. Ìyá Àdùfẹ́ di ìdérí ife náà mú ní ọwọ́ kan, ó ń wo ọwọ́ kejì bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀.

“Ogójì,” ni ó wí. “Ogójì ni, Àdùfẹ́. Mo mà wà níbẹ̀.”

Ẹ̀gbà ọwọ́ Fadérera di àwọ̀ eérú. Kò bojú wẹ̀yìn láti mọ̀ bóyá Ìyáàfin Ọláìtán ni ó tẹ̀ ẹ́ tàbí Ìgbìmọ̀ fúnra wọn. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ó ń bọ̀ wá fà á lọ ni tàbí ó ń bọ̀ wá dúró tì í.

Iná ọjà ṣì kù ní ìlú fún wákàtí mẹ́jọ. Àwọn obìnrin mìíràn ṣì ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Fadérera gba ife kúrò lórí itan Àdùfẹ́, ó dé e, ó gbé e sí abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọmọbìnrin náà. Níbẹ̀ ni ó ti pinnu pé òun kò ní kúrò ní gbọ̀ngàn náà títí iná yóò fi kú, pé òun yóò máa bi gbogbo ẹni tí ó bá wọlé ní iye ọjà tí ó kà, yálà ohun tí ó wà ní inú òun dúró tàbí kò dúró.